Ẹ Pa Jẹnẹrétọ̀!

Íápíìsì ni mò ń tà ní Bàrígà, ibẹ̀ sì ni ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní Àkókà ti wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ dán èyí tí òun fẹ́ rà wò kí òun tó sanwó. Ó fi ẹyọ kan sí etí ara rẹ̀, ó fi ìkejì sí tèmi. Ṣììììì. Mo ní, "Má bínú, èyí ti bàjẹ́." Mo tú òmíràn. Ṣììììì. Mo tún tú òmíràn, mo ti ń ṣépè fún ẹni tó kó ọjà náà fún mi, ni ọmọ náà bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, orin náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Lo-fi rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń kọ ọ́ kì í wá sítúdíò lọ. Inú yàrá tàbí inú gáréèjì, orí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti parí rẹ̀. Ọmọ náà jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ń rò ó fún mi bí ẹni ń ki oríkì. Ó ní Robert Pollard tó ni ẹgbẹ́ Guided by Voices, tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, kí orin tó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1994, wọ́n gbé àwo kan jáde tí orin 20 wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ò sì tó ìṣẹ́jú 40. Èmi tí wọ́n fi fújì wò dàgbà, báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ìyẹn gbọ́? Ní ìṣẹ́jú 40, ọ̀gá onífújì ò tíì kí alága òde tán.

Ó sọ ti John Darnielle, olórí ẹgbẹ́ olórin The Mountain Goats, tó máa ń kọrin tààrà sínú rédíò kásẹ́ẹ̀tì Panasonic nígbà kan rí, tí ìró mọ́tò inú rédíò náà á sì máa dún lábẹ́ ohùn rẹ̀. Odidi àwo kan ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ gbé jáde ní 2002. Ti Daniel Johnston ló wọ̀ mí lára jù. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò ní ohun tó lè fi da kásẹ́ẹ̀tì kan kọ sórí òmíràn. Ẹni tó bá ní kó fún òun ní ọ̀kan, á jókòó, á tún gbogbo orin náà kọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi rèé, bí oníbàárà bá ní kí n tún ọjà dì lásán, ojú mi á ti pọ́n.

Kó tó lọ, ó fi àwọn orin tirẹ̀ sí fóònù mi, èyí tó fi rédíò kásẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ gbà sílẹ̀. Ó ní ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ gan-an, kí n yí i sókè dáadáa.

Ilé fés-mí-àí-fés-yú ni mò ń gbé: yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, kọ́rídọ̀ láàárín, sílíńdà gáàsì lẹ́nu ọ̀nà oníkálukú. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, mo gbé sípíkà Bluetooth mi sẹ́nu ọ̀nà, mo yí i dé ibi tó lè yí dé, kí n lè máa gbọ́ ọ láti balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Tẹlifíṣàn ń ké, fáànù ń ké, ẹnìkan ń fi bùlẹ́ńdà lọ ata. Ta ló fẹ́ gbúròó orin mi? Ọṣẹ ti bo ojú mi nígbà tí wọ́n mú iná lọ.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Sípíkà mi ní bátìrì tirẹ̀. Ọmọ Àkókà yìí náà, kó tó fọwọ́ kan gìtá nínú orin tó kàn, ó ti jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì máa yí lásán títí. Ó ní kí olùgbọ́ lè kọ́kọ́ wọlé jókòó ná. Kọ́rídọ̀ ṣókùnkùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń dún.

Ṣìììììììììì.

"Gáàsì!" Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ ké e. "Gáàsì ń jò o! Ẹ má ṣáná o! Ẹ pa jẹnẹrétọ̀!"

Èmi náà sáré. Ta ló ń gbọ́ gáàsì ní Èkó tí á dúró ṣèwádìí? Mo fa tówẹ́ẹ̀lì, mo gba ẹ̀yìnkùlé já sí títì tòun ti ọṣẹ lójú. Gbogbo ilé ti wà níta. Ìyá onílé gbá àpò ìwé ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ àyà. Bùròdá kan gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání, ó ní òun ò lè fi ẹja òun sílẹ̀ fún iná. Alákàrà da omi síná. Onígbàjámọ̀ òdìkejì pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ sì jáde pẹ̀lú ààbọ̀ irun lórí. Ẹnìkan ń pàṣẹ pé kí gbogbo wa pa fóònù. Tirẹ̀ ló fi ń ya fídíò wa, àárín fídíò náà gan-an ni èmi àti tówẹ́ẹ̀lì mi bọ́ sí.

Àwọn géńdé méjì gbójú wọlé. Ìyá Ìbejì po ọṣẹ sínú báàfù fún wọn, wọ́n ń fi kànrìnkàn pa á mọ́ ẹnu sílíńdà kọ̀ọ̀kan, torí ibi tí gáàsì bá ti ń jò, ọṣẹ á máa wú níbẹ̀. Ti Ìyá Ìbejì ò wú. Ti Ìyá onílé ò wú. A wá gbọ́ ohùn wọn láti inú òkùnkùn: "Ọ̀dọ̀ Bùròdá oníápíìsì ni o!"

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Èmi? Gáàsì mi ti tán láti àárọ̀!"

Ibẹ̀ ni gáàsì ti bẹ̀rẹ̀ sí ta gìtá.

Ó ta á díẹ̀, ó sì gbẹ́nu lé orin, lédè Òyìnbó, pẹ̀lú ohùn ẹni tí ara rẹ̀ ò dá. Ọ̀kan nínú àwọn géńdé náà ju báàfù sílẹ̀, ó já síta, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní gáàsì, àǹjọ̀nú ni.

Bàbá àgbà tó wà ní yàrá ìkẹyìn ò tilẹ̀ jáde láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti ta kásẹ́ẹ̀tì ní Ìdúmọ̀tà rí, láyé ìjà Barrister àti Kollington. Ó yọjú wàyí, pákò lẹ́nu. "Ṣé ariwo téèpù lẹ ń sá fún? Bẹ́ ẹ bá da kásẹ́ẹ̀tì kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ tún da ìyẹn kọ sórí òmíràn, ṣebí ohun tí ẹ máa gbọ́ nìyẹn. Àwa máa ń bẹ oníbàárà pé kó má bínú sí i ni." Ó tẹ́tí díẹ̀ sí i. "Ọwọ́ ọmọ yẹn ò burú lórí gìtá. Ìlù ni kò ní."

Alákàrà ní kí n wá sanwó iná. Oníbàárà onígbàjámọ̀ kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí, irun ẹ̀gbẹ́ kan náà sì ń wò mí. Ìyá Ìbejì tẹ́wọ́ gba owó ọṣẹ rẹ̀, ó kà á, ó fi há ẹ̀gbẹ́ ìró.

"Bùròdá, ẹ wá orin mìíràn sí i fún wa, èyí tí wọn ò fi gáàsì kọ."