Ẹ má gba orí ààfin kọjá o!

Ẹni tó bá fẹ́ ra jóìsítíìkì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wa bàálù nínú kọ̀ǹpútà, ní Akúrẹ́ yìí, kó rọra máa sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù o. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ máa sọ. Ohun tí ojú mi rí lọ́nà Ọba Adésídà kì í ṣe kékeré, ìyàwó mi ti rẹ́rìn-ín tiẹ̀ tán, ó ti ròyìn ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, torí náà ẹ̀yin náà ẹ wá gbọ́ lẹ́nu mi kó má di pé àbùmọ́ lẹ gbọ́.

FlightGear lèmi fi ń wa bàálù nínú kọ̀ǹpútà tèmi. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa dáńlóòdù ẹ̀ ni. Àwọn olówó ló ń lo Microsoft Flight Simulator tó jáde ní 2020, èyí tó jẹ́ pé àyè 150 GB lo máa kọ́kọ́ wá sílẹ̀ fún un nínú kọ̀ǹpútà ẹ kó tó gbà láti wọlé, owó dátà tí mo máa fi fa ìyẹn, tí mo bá kó o lọ sílé ìwé àwọn ọmọ mi wọ́n á fún mi ní ṣéńjì. FlightGear náà ò sì kéré o, bàálù kékeré tó ń jẹ́ Cessna 172 wà nínú ẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú tiwa tó wà ní Ọba-Ilé yìí gan-an wà nínú ẹ̀, o kàn máa tẹ DNAK báyìí, tó jẹ́ orúkọ tí àwọn awabàálù mọ̀ ọ́n sí, kíá ó ti gbé ẹ dúró sórí títì bàálù.

Kííbọ́ọ̀dù ló ń dà mí láàmú. Bọ́tìnnì ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ rọra. O tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́, o tún tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ jù, kí o tó wá èyí tó máa dá a padà sáàárín, bàálù ti dojú bolẹ̀. Jóìsítíìkì ní tiẹ̀, bí ọwọ́ ẹ bá ṣe wúwo mọ ló ṣe máa dáhùn: o tì í síwájú, imú bàálù relẹ̀, o fà á mọ́ra, imú gbéra, o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá kan tẹ̀, tó bá tún jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń lọ́, o lọ́ ọ, ìrù bàálù á yà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó fẹ́ padà sí bọ́tìnnì mọ́.

Èmi wá tún lọ jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ọ̀pọ̀ jóìsítíìkì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, ibi tí àtàǹpàkò máa sinmi sí àti ibi tí àtẹ́lẹwọ́ máa fara tì, gbogbo ẹ̀ apá ọ̀tún ni, tí ọlọ́wọ́ òsì bá dì í mú, ìka ẹ̀ á máa wá bọ́tìnnì níbi tí kò sí. Torí náà mo ti mọ nǹkan tí mò ń wá kí n tó jáde nílé, mo gbé láptọ́ọ̀pù mi dání láti fi dán an wò, ó di ọ̀dọ̀ bọ̀dá kan tó ń ta ẹrù tòkúnbọ̀, kò jìnnà sí Ọjà Ọba.

“Ẹ kú ọjà o.”

“A dúpẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ ń fẹ́?”

“Jóìsítíìkì. Ti bàálù o, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù.”

Ó ní ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó wọ́ àpò ìrẹsì kan jáde, ó dà á sílẹ̀, wáyà, ṣájà, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tí ò ní tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ni mo ti ṣa mẹ́ta yọ. Ó ní iye kan náà ni gbogbo wọn, kí n mú ₦15,000 wá fún èyí tí mo bá fẹ́. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó hàn lójú.

Èyí àkọ́kọ́, orí ẹ̀ tóbi, ó ní eyín irin 15. Ti ayé àtijọ́ ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì ni wọ́n ti ń kì í, níbi tí sípíkà ń gbà wọlé, kí USB tó gbòde. Láptọ́ọ̀pù kankan ò ní ihò ẹ̀ mọ́. Bọ̀dá ní kò le, òun á gé orí ẹ̀ dànù, òun á so orí USB mọ́ ọn. Mo ní kò lè ṣiṣẹ́, ó ní “Ẹ̀gbọ́n, wáyà ni wáyà.” Mo rọra gbé e sílẹ̀.

Èkejì ní USB, àmọ́ ti ọwọ́ ọ̀tún ni, mo ní kí n ṣáà wò ó ná. Mo kì í, mo gbé Cessna sórí títì Ọba-Ilé, mo tẹ iná, bàálù gbéra, n ò tíì fọwọ́ kan jóìsítíìkì o, bàálù ti ń yà lọ sósì fúnra ẹ̀. Mo dá a padà, ó tún yà. Àìsàn yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Nínú irú ẹ̀, ahọ́n irin kékeré kan wà tó máa ń ha ojú ibi tí iná ń gbà, bí ọwọ́ ṣe ń rìn lòun náà ń rìn, bó bá ti ń ha á lọ́dọọdún, ojú ibẹ̀ á jẹ, ni jóìsítíìkì ò bá ní mọ ibi tí àárín wà mọ́. O lè lọ sínú sẹ́tínì kí o ní kó má ka gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nítòsí àárín sí, yíyà yẹn á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ kékeré ló máa di odi.

Bọ̀dá wo ojú láptọ́ọ̀pù dáadáa, ó mi orí. “Atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn pọ̀ lápá Ọba-Ilé yẹn.”

Ẹ̀yin ẹ gbọ́ o.

Mo wá gbé ìkẹta. T.16000M ti Thrustmaster! Ọkàn mi fò sókè. Nǹkan tí mo ti ń fojú wá láti ọjọ́ yìí, òun ló sùn sábẹ́ rìmóòtù. Ibí yìí ni ẹnu mi ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ tí wọn ò rán an. Àwọn èèyàn méjì mẹ́ta ti dúró láti wo bàálù, bọ̀dá wá bi mí pé kí ló dé tí mò ń rẹ́rìn-ín, ni mo bá ń ṣàlàyé bíi tíṣà. Mo ní òòfà ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ahọ́n irin, sẹ́ńsọ̀ kan wà níbẹ̀ tó kàn ń wo bí òòfà ṣe ń sún ni, nǹkan kan ò ha nǹkan kan, kò sí pé ojú ibì kan jẹ.

Bọ̀dá ní “Háà. Òòfà. Òòfà ti wọ́n báyìí o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ₦22,000.”

Mo ní ṣebí iye kan náà lo ní gbogbo wọn. Ó ní ìgbà tóun ò tíì mọ̀ pé òòfà wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí n panu mọ́, àbí? Rárá o, mo tún ń bá a lọ, mo ní ẹ ò rí i pé ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún ló lè lò ó, àwọn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yìí, wọ́n ṣeé tú, wọ́n ṣeé pààrọ̀.

“Ọwọ́ méjèèjì?” Bọ̀dá fà á mọ́ra. “Ẹ̀gbọ́n, iye ọwọ́ kan lẹ dá lẹ́ẹ̀kan. ₦30,000.”

Màmá tó ń ta bọ̀ọ̀lì níwájú ṣọ́ọ̀bù ti fi iná ẹ̀ sílẹ̀ wá bá wa. Ó wò mí bí mo ṣe di jóìsítíìkì mú. “Ọkọ mi, ọwọ́ òsì lo fi ń wa bàálù? Ta ló máa wọ̀ ọ́?” Mo ní mà, ọ̀gá awakọ̀ nínú Airbus gan-an, ọwọ́ òsì ni, láti ìgbà tí A320 ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 1988, ọ̀pá kékeré ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, apá òsì sì ni ọ̀gá ń jókòó sí, ọwọ́ òsì ló máa fi dì í mú dandan, èyí tó wà lápá ọ̀tún ló ń lo ọwọ́ ọ̀tún, Boeing ló ṣì ń lo nǹkan tó jọ sítíà. Màmá dákẹ́ díẹ̀, ó ní “Ìdí tí mi ò fi ń wọ̀ ọ́ nìyẹn,” ó padà lọ yí bọ̀ọ̀lì ẹ̀.

Mo ní kí n fò ó wò kí n tó dúnàádúrà. Àwọn èèyàn ti pé yí ká, àwọn ọlọ́kadà, ọmọ yunifásítì FUTA kan tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, àti bàbá kan tó dé fìlà, ó jọ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ní sẹkitéríàtì Alágbàká. Mo gbéra ní Ọba-Ilé, mo kọrí síhà ìgboro. Kí n sọ òótọ́, nínú FlightGear tó wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, ilẹ̀ aláwọ̀ ewé àti díẹ̀ lára títì ló ń hàn, kò sí òrùlé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà kan ti rí ilé ẹ̀, ó ní wọ́n sá agbádá sóde.

Bàbá ní “Níbo la dé báyìí?”

Mo ní “Akúrẹ́ ni sà, a ti ń sún mọ́ Ọjà Ọba.”

“Ọjà Ọba kẹ̀? Ẹ má gba orí ààfin kọjá o! Orí Kábíyèsí lẹ fẹ́ gbà kọjá? Ọmọ ilé wo lẹ́yin? Ẹ yà sí Arákalẹ̀, kíá!”

Kí ni mo ṣe? Mo yà ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ̀yin tí bàbá ò pariwo mọ́. Lórí koríko aláwọ̀ ewé tí ẹnì kankan ò gbé, mo tẹ bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo yí ààfin Déjì po, gbogbo wọn mí kanlẹ̀, bàbá ní kí Ọlọ́run bù kún mi.

Yíyà yẹn ló gbé mi lọ sápá Ìdànrè, ibẹ̀ ni àwọn òkè ti ń pàdé mi, ariwo sọ, “Gbé e sókè! Gbé e sókè!”, mo fà á mọ́ra, mo yí padà, mo wá ń bọ̀ tààrà sí Ọba-Ilé láti gba títì 03, ìyẹn ni pé imú bàálù á kọ sí nǹkan bíi dígírì 30, láàárín àríwá àti ìlà oòrùn. Títì yẹn gùn tó mítà 2,800, Cessna ò lò tó ìdajì ẹ̀. Ohun tó bá ti yẹ kó rí nìyẹn, kí o rọra máa bọ̀ ní nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 65, bí wọ́n ṣe ń ka eré bàálù nìyẹn, kó sọ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà ti ń lù mí léjìká, “Ó wà o! Géètì FUTA wà o!”, ọmọ FUTA ní FUTA ò sí lápá ibẹ̀ rárá, wọ́n ń jà lórí mi, mo sọ̀ kalẹ̀ gbì, bàálù ta sókè, ó tún balẹ̀, ó tún ta, ó dojú dé. Màmá oníbọ̀ọ̀lì kígbe “Jésù!” láti ìdí iná ẹ̀.

Ni ohùn kan bá sọ lẹ́yìn pé “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án.”

Bàbá ńlá kan ni, eruku pupa ló kún aṣọ ẹ̀, bọ̀ọ̀lì wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀. Ó ní kátápílà lòun ń wà, èyí tó ń gbẹ́lẹ̀. Mo ní sà, bàálù nìyí o. Ó ní òun ti rí i. Ó fi ọwọ́ òsì di jóìsítíìkì mú, bọ̀ọ̀lì ò kúrò ní ọ̀tún. Mo tún ọkọ̀ gbé sófuurufú fún un, mo ń ṣàlàyé, kò dá mi lóhùn, ó ń jẹun. Ẹ̀yin èèyàn, bàálù yẹn ò mì. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó gbé imú ẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi táyà ẹ̀yìn kan ilẹ̀ bíi kí ìyá gbé ọmọ tó ti sùn sílẹ̀. Ariwo tó sọ, àwọn oníṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì sáré jáde.

Wọ́n bi í bó ṣe ṣe é. Ó ní ṣebí ọ̀pá méjì ló wà nínú kátápílà, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ òsì lòun fi ń yí gbogbo ilé ẹ̀ tí òun sì fi ń na apá ẹ̀, tí o bá ja ọ̀pá yẹn gbà lójijì, o máa wó ògiri onílé.

Ó yíjú sí bọ̀dá. “Eélòó ni?”

Bọ̀dá ò tiẹ̀ wo ojú mi. “₦45,000 ni, sà. Òòfà ló wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló ń lò ó. Nǹkan kan ò ha nǹkan kan.” Gbogbo ọ̀rọ̀ mi pátá! Kò fi ẹyọ kan sílẹ̀! Mo ní dúró ná, èmi ni mo kọ́kọ́ dé, a ṣì wà lórí ọgbọ̀n, ẹ̀gbọ́n kátápílà ti tọwọ́ bàpò, ó ka owó sílẹ̀, kò dúnàádúrà. Bọ̀dá wá nawọ́ èyí tó ń yà sósì sí mi, ó ní ₦15,000 ṣì ni tiyẹn, atẹ́gùn ibẹ̀ ọ̀fẹ́ ni.

Mo sún mọ́ ẹ̀gbọ́n náà. Mo ní “Sà, ṣé ẹ ní kọ̀ǹpútà nílé?”

Ó ní “Rárá o. Ìwọ lo ní in. Ibo lò ń gbé?”

Báyìí ó ti di gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n á dé, jóìsítíìkì á wà nínú nàílọ́ọ̀nù dúdú, àkàrà tàbí bọ̀ọ̀lì á wà nínú òmíràn. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ iná wà nídìí jóìsítíìkì yẹn o, àmọ́ ó ní ọwọ́ kejì òun ò ráyè, torí náà èmi ni mo jókòó ti kííbọ́ọ̀dù, èmi ni mò ń tẹ iná, èmi ni mò ń sọ fláàpù, ewé ẹ̀yìn apá bàálù, kalẹ̀, kọ́ńdọ́ ló sì ń pè mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a gbéra ní Ìkẹjà, bíi wákàtí kan ni Cessna máa ń lò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bá a ṣe ń sún mọ́lé ó ní “Kọ́ńdọ́, bi ìyàwó ẹ bóyá ó ń sọ̀ ní Ọba-Ilé.”

Ìyàwó mi ti dáhùn láti kíṣìnnì kí n tó yanu: “Ẹ sọ fún kọ́ńdọ́ kó kọ́kọ́ fún mi ní ṣéńjì mi.”