Àtàǹpàkò Mi àti Kwara

Ẹni tó bá tún bi mí léèrè pé ọmọ ìpínlẹ̀ wo ni mí, owó ni yóò kọ́kọ́ yọ sílẹ̀. Mo ti sanwó lórí ìdáhùn yẹn tó. Ó yẹ kí ẹlòmíì náà bá mi san díẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Bàsírì, l'Adó-Èkìtì, ẹ mọ̀ mí, ẹ sì mọ ẹnu mi. Tí mo bá ń bá èèyàn jà, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Iyán ni mo fi hu eyín. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí mi, ọmọ Èkìtì ti Kwara ni. Ẹ má wò ó pé mo ṣi í kọ. Ìjọba ìbílẹ̀ kan wà ní Kwara tó ń jẹ́ Èkìtì, Aráròmí Òpin ni olú ìlú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ìjọba ìbílẹ̀ 16, Kwara náà ní 16. Nínú ti Èkìtì, ẹ ó rí Ìlà-Oòrùn Èkìtì, ẹ ó rí Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, ẹ ó tún rí Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Èyí tó ń jẹ́ Èkìtì láìlábùlà, tí oòrùn kankan ò bá a dá sí i, Kwara ló wà. Ọlọ́run wo gbogbo ilé ayé, ibẹ̀ ló ní kí orírun tèmi wà.

Ọdún tí mo ṣe JAMB, wọn ò tíì gbé CAPS dé, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí JAMB fi ń bójú tó gbígba ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́. 2017 ni ìyẹn wọlé. Nígbà tiwa, orúkọ èèyàn lè hàn lára pátákó níbí, kó tún hàn lọ́hùn-ún, kí olúwarẹ̀ wá máa ṣe ojú yọ̀ọ́yọ̀ọ́ bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Orúkọ tèmi hàn ní mẹ́ta. Fásitì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ̀yẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, fún mi ní ẹ̀kọ́ nípa ẹja sísìn ní ọgbà wọn tó wà ní Ìkọ̀lé. Fásitì ìpínlẹ̀ Kwara tó wà ní Málété, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, fún mi ní ìṣirò owó, owó ọmọ onílùú ni n ó sì san. Ẹ̀kẹta, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń bójú tó ní Èkìtì níbí ni. N ò ní dárúkọ rẹ̀ o, mo ṣì ń retí ìwé ẹ̀rí mi lọ́wọ́ wọn. Ìṣirò owó ni àwọn náà fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ mi pé kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀.

Èmi!

Bàbá mi pe ìpàdé ẹbí. Bàbá wa kì í fẹnu lásán ṣèpàdé. Ó mú ìwé ìkọ̀wé, ó mú bírò, ó fa ìlà sí i lójú wa.

"Málété," ó ní. "Owó ilé-ẹ̀kọ́ kéré. Ó dáa. Kọ owó ilé gbígbà. Kọ gàrí. Kọ owó ọkọ̀. Kọ owó irọ́."

Mo ní, "Dádì, èwo ni owó irọ́?"

"Èyí tí wàá máa pè wá lóru pé o fẹ́ fi ra ìwé."

Ó kọ iye kan síwájú owó irọ́ tó ju owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ó dùn mí, àmọ́ nígbà tí mo wá dé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, mo rí i pé bàbá náà ṣàánú mi nínú ìṣirò yẹn.

Màmá mi ò fẹ́ gbọ́ Málété rárá. "Ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Bí inú bá ń run ún lóru, ta ni yóò kanlẹ̀kùn fún?"

Bàbá ní, "Ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni."

Màmá ní, "Ìpínlẹ̀ rẹ̀ tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá mi tó wà l'Ékòó dá sí i lórí fóònù. Ó ní Ìkọ̀lé ni kí n lọ, ó ní ẹja ni owó wà nínú rẹ̀ báyìí, pé ìjọba àpapọ̀ ò sì ní bi mí ní ọmọ ta ni kí wọ́n tó gbowó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá létí, nítorí ẹja tó rà lọ́jà Ọba láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń dùn ún. Ó yí ojú sí mi. Ó wò mí títí. Ó wá ní, "Èyí tí eegun ẹja há lọ́fun lọ́dún Kérésì, tí a gbé dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù? Òun ni yóò sin ẹja?" Bí ọ̀rọ̀ Ìkọ̀lé ṣe parí nìyẹn.

Ó ku ilé-ẹ̀kọ́ kẹta, èyí tó wà l'Adó nílé níbí. Tí mo bá ń ti ilé lọ, kò sí owó ilé, kò sí gàrí, owó irọ́ á sì dín kù nítorí wọ́n á máa rí mi. Ṣùgbọ́n owó àlejò tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo èrè náà mì. Bàbá ń ṣírò, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un ṣírò. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti bọ́ sí mi lórí. Mo dìde. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, owó ọmọ onílùú ni n ó san l'Adó yìí. Ṣé ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ni wọn yóò béèrè? Kí ni wọ́n kọ sórí ìwé tèmi? Èkìtì!

Bàbá mi, tó jẹ́ àgbàlagbà, tó yẹ kó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu, ní, "Ọmọ yìí gbọ́n."

Kí wọ́n tó lè fún èèyàn níwèé yẹn, olórí ẹbí gbọ́dọ̀ bá a fọwọ́ sí i pé ọmọ ilé àwọn ni. Mo bá wọkọ̀ lọ sí ìlú bàbá mi ní Kwara, mo gba Ìfàkì, mo gba Ọ̀tún, mo gba Ọ̀mù-Àrán. Mo bá bàbá àgbà tó jẹ́ olórí agboolé wa lórí àga lábẹ́ igi, ó ń gbọ́ rédíò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ọmọ ta ni mí. Ó ní ó dáa, kí n ki oríkì ilé wa kí òun gbọ́.

N ò mọ oríkì ilé wa. Èyí tí mo mọ̀ ni oríkì Ewì, èyí tí wọ́n kọ́ wa ní pámárì fún ayẹyẹ ìparí ọdún, tí mo wọ bùbá àti ṣòkòtò kúkúrú kì níwájú àwọn òbí. Ẹni bá gbọ́n á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Èmi fẹ̀ jókòó, mo gbóhùn sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ewì Adó, ọba olọ́ba, nínú agboolé tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ṣe é dáadáa pàápàá. Mo mi orí níbi tó yẹ kí n mi í.

Bàbá dákẹ́ títí mo fi parí. Ó pa rédíò. Ó ké sínú ilé pé, "Ẹ jáde wá o, Ewì rán ọmọ sí wa!"

Láti ìgbà náà títí mo fi kúrò níbẹ̀, ọmọ Ewì ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n ní kábíyèsí ẹ jẹun. Àwọn ọmọdé wá ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, tí wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá náà ṣá bá mi fọwọ́ sí i. Ó di iwájú orí mi mú, ó yí i síbi tí oòrùn wà, ó ní, "Iwájú orí yìí, tiwa ni. Ẹnu nìkan ló ti bàjẹ́."

Ìwé náà jáde, ó sì rí bí mo ṣe fẹ́ ẹ. ÈKÌTÌ ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè. Kwara wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kéré, ó fara balẹ̀, ó tóbi tó àtàǹpàkò mi gẹ́lẹ́. Mo fi àtàǹpàkò ọ̀tún wọ̀n ọ́n wò nílé. Ó bò ó. Mo dúró níwájú dígí, mo fi ìwé náà han ara mi láti ọ̀ọ́kán, láti ẹ̀gbẹ́, láti ìsàlẹ̀. Àbúrò mi obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, kò sì bi mí ní nǹkan kan.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti ní kí n yan ọmọ onílùú tàbí àlejò, mo yan ọmọ onílùú. Mo san owó rẹ̀. Ó wá ku kí n gbé ìwé mi lọ fún àyẹ̀wò.

Tábìlì àkọ́kọ́, mo na ìwé, ọ̀gbẹ́ni náà ò tilẹ̀ wojú mi. Tábìlì kejì náà bẹ́ẹ̀. Àtàǹpàkò mi ti ń kú, ó ń ta mí, mo ń fi ẹ̀rín bò ó. Tábìlì tó kẹ́yìn, màmá kan ló jókòó síbẹ̀, awò lójú, ẹ̀pà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú, mà. Kí atẹ́gùn fáànù má gbé e lọ."

Màmá náà gbójú sókè wo fáànù. Èmi náà gbójú sókè. Kò sí iná láti àárọ̀. Kí n sọ òótọ́, ó jọ pé kò sí iná lára fáànù yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti so ó mọ́ àjà. Aláǹtakùn ti kọ́lé láti apá kan dé èkejì, ó sì ti bí ọmọ síbẹ̀.

Kò sọ̀rọ̀. Ó sọ ẹ̀pà kan sẹ́nu. Ó wá fa rẹ́jísítà kan síwájú mi pẹ̀lú yíǹkì. "Tẹ àtàǹpàkò rẹ síbí."

Mo na ti òsì.

"Ọ̀tún."

"Ó ń dùn mí ni, mà."

"Kí ló ṣe é?"

Ẹ wò ó, irọ́ pọ̀ láyé. Mo lè ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló pa á. Mo lè ní ọ̀bẹ ló gé e. Kí ni mo sọ? Mo ní, "Iyán ni mo fi gún, mà."

Ó yọ awò rẹ̀. "Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń gúnyán nílé yín?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti gbọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n bi mí pé odó ńkọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé ọmọrí odó ni mo ní lọ́kàn, pé ó bó mi lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n màmá náà ti yí ìwé tó wà níwájú rẹ̀ látàárọ̀ sí mi. Orúkọ wa ni, bí JAMB ṣe fi í ránṣẹ́. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Kwara sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ìka ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

"Látìgbà tí o ti wọlé ni mo ti rí i," ó ní. "Mo kàn ní kí n wo ibi tí wàá bá a dé. Gbé ìka kúrò, ọmọ Kwara."

Àtàǹpàkò náà ò tètè gbéra. Ó ti gan. Ọwọ́ òsì ni mo fi bá a ṣí i.

Ó kọ iye tó kù tí n ó san sórí pépà, ó sì fi ìbéèrè mélòó kan gbá mi: ọjọ́ wo la dé Adó, níbo là ń gbé. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú, mo sì ń fi Adó pọ́ńbélé dá a lóhùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ wo àlejò yìí, ó mà gbọ́ èdè wa o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa gbé, ẹ ń gbìyànjú."

Ìyẹn ló dùn mí ju owó lọ.

Mo délé, mo ròyìn, mo ń retí kí Bàbá bá mi bínú sí wọn. Màmá ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìyà tó jẹ mí, ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á wálé. Ó nawọ́ sí Bàbá. Ó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, tí Abacha kéde ìpínlẹ̀ tuntun mẹ́fà, tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ọkọ òun yìí jó láti Bàsírì títí dé Fájúyì. Ó bọ́ sí ìhòòhò àyà. Ó ra ọtí fún gbogbo àdúgbò. Ó ń pariwo pé, "A ti gbòmìnira!"

"Àwọn tó ni ìpínlẹ̀ ò jó tó o," ni Màmá wí. "Àwọn aládùúgbò ń bi mí pé, ìlú ibo nínú Èkìtì lọkọ rẹ ti wá gan-an?"

Bàbá wo ògiri. Ó ní, "Inú mi kàn dùn fún wọn ni."

Màmá gbé ìwé ìkọ̀wé ìpàdé fún un, ó ní, "Ẹ wá nǹkan kọ owó ọtí yẹn sí. Owó àlejò ni."

Mo san èyí tó kù. Kò pẹ́ tí a wọlé, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Kwara wá mi rí. Orúkọ mi ti wà nínú ìwé wọn, wọ́n gba owó ẹgbẹ́. Mo ní ó tọ́. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọlọ́kadà kan ń jà nítorí ṣéńjì lẹ́nu géètì, mo sì ń jà á bí wọ́n ṣe ń jà ní Bàsírì. Àwọn ọmọkùnrin kan tó dúró nítòsí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, ọmọ ilé wa, ìwọ ò tíì sanwó ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì. Mo ní Kwara ni mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo yọ ìwé ọmọ ìbílẹ̀ mi nínú báàgì, mo nà án sí wọn, mo jìnnà sí Kwara pẹ̀lú gbogbo ìka mi.

Akọ̀wé wọn gbà á, ó kà á sókè, ó fi í han àwọn yòókù.

"Èkìtì ni wọ́n kọ gàdàgbà síbí yìí. Ṣé o ò mọ̀wé ni? Mú owó wá."