Wọ́n ní kí n yọ àwọn ará Ìbàdàn kúrò

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo gbé àwòrán kan síwájú ẹgbẹ́ ìwádìí wa. Àmì róbótó-róbótó ló kún inú rẹ̀, àmì kan fún ẹnì kan tí a ka DNA rẹ̀. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá jọra á kóra jọ sójú kan. Àwọn kan wà lápá ọ̀tún pátápátá, wọ́n ṣù mọ́ra bí èrò ọjà. Ọ̀mọ̀wé kan tó ti pẹ́ jù mí lọ níbi iṣẹ́ nawọ́ sí wọn, ó ní, "Yọ àwọn YRI yẹn kúrò, wọ́n ń ba àwòrán jẹ́." Ọ̀gá wa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

YRI ni wọ́n gé orúkọ kù sí fún àwọn Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn. Èmi tí mo dúró níwájú wọn yẹn, Mọ́kọ́lá ni mo ti kọ́ ìrìn. Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé eegun. Mo rò pé bí mo bá sùn, á lọ. Kò lọ, ni mo fi jókòó kọ èyí.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé nílùú ọba níbí ni fífi kọ̀ǹpútà ka ohun tí Ọlọ́run kọ sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé dátà ni mò ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n ní, "Dátà? Èyí tó máa ń tán lórí fóònù mi yìí?" Mo ní kì í ṣe ìyẹn, mà. "Ṣé tìẹ kì í tán ni?" Mo ní kì í tán. Wọ́n ní kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́ nígbà náà. Ẹ̀rín yẹn gbé mi ró fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, torí pé níbí, ènìyàn lè wọ ibi iṣẹ́ láàárọ̀ kó má rí ẹni kí i títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nílé, bí o bá gba iwájú ìyá alákàrà kọjá láìkí wọn, ẹjọ́ rẹ á ti ṣáájú rẹ délé.

Ilé ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Baokẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni àwa mẹ́ta jọ ń lò. Iná NEPA ló kọ́ mi ní ohun tí olùkọ́ kankan kò kọ́ mi. Bí iṣẹ́ kan bá máa gba wákàtí mẹ́wàá, tí iná sì lè lọ ní wákàtí kẹta, o ò ní fọkàn balẹ̀ kọ ọ́. Mo máa ń gé e sí chromosome kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ìdì tí DNA pín sí, láti 1 dé 22, kó fi ọ̀kan pamọ́ kó tó kan èkejì, kó lè mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé nígbà tí iná bá padà. Lọ́dún tó kọjá, kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ẹ̀ka wa ń lò kú lójijì. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta bọ́ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́wọ́. Tèmi bẹ̀rẹ̀ láti orí chromosome 14, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ìyẹn. Mo ní Ìbàdàn ni.

Ìbàdàn yẹn náà ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn YRI. Iṣẹ́ HapMap, ìwádìí àgbáyé lórí ìyàtọ̀ inú DNA ènìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 ló gbé àwọn onímọ̀ débẹ̀: 90 ènìyàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ. Nígbà tí iṣẹ́ 1000 Genomes tó tẹ̀ lé e parí ní 2015, ènìyàn 2,504 láti àwùjọ 26 ló wà nínú rẹ̀, YRI sì jẹ́ 108. Sẹ́ẹ̀lì wọn ṣì wà nípamọ́ nínú òtútù ní Coriell, ilé ìpamọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ní Camden, New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n. NA19240 jẹ́ ọmọbìnrin. NA19238 ni ìyá rẹ̀, NA19239 ni bàbá rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí fáìlì wọn, mo wo àwọn mẹ́ta náà títí. Ó ṣeé ṣe kí a ti jọ tò fún àmàlà rí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló san owó fọ́ọ̀mù tí mo fi wá síbí. Kíndìnrín ló ń bá wọn jà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni dókítà ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ni owó wa ká, nígbà mìíràn kì í ká a. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ní kí àwọn ọmọ má ta nǹkan kan mọ́. Ojú fóònù ni mo ti wo ìsìnkú wọn, nẹ́tíwọ̀kì sì já kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀.

Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ kéde oríṣi méjì, G1 àti G2, nínú APOL1, jíìnì kan lára DNA wa. Ẹni tó bá jogún irú rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, ewu àrùn kíndìnrín pọ̀ fún un ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, torí pé ó ń bá kòkòrò àrùn oorun tí eṣinṣin tsétsé ń gbé kiri jà. Lára òyìnbó, a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. DNA àwọn YRI sì wà lára ohun tí wọ́n fi wé ti òyìnbó kí wọ́n tó mọ ibi tí wọn yóò wò. Kò sẹ́ni tó yẹ APOL1 wò lára ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Mo mọ ohun tí ọ̀mọ̀wé yẹn ń sọ. Bí Áfíríkà bá wà nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn òyìnbó á fún pọ̀ sójú kan, ojú ò ní tó o. Iṣẹ́ wà tó tọ́ kí a ti yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n àrùn kíndìnrín ni ẹgbẹ́ wa ń wádìí! Ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn lọ́jọ́ náà. Ọ̀fun mi dí, mo ní "ó dáa".

Lálẹ́ àná mo dá àwọn 108 padà. Àwọ̀ eérú ni kọ̀ǹpútà fún wọn. Mo pa á, mo wá búlúù tó jọ ti àdìrẹ ẹlẹ́lùú, mo kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn láìgé e kúrú: Yorùbá, Ìbàdàn. Ọjọ́rú ni ìpàdé.