Ibi tí owó mẹ́dọ̀wú ń lọ gan-an

Mẹ́dọ̀wú oríṣi B ni èmi ní, àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ fún àbúrò mi tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń bi mí pé èló ni oògùn ẹ̀. Oògùn kọ́ ló ń gbé owó lọ jù, àyẹ̀wò ni.

Àyẹ̀wò kékeré tó sọ pé ó wà lára yín kò tó láti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Dókítà á fẹ́ mọ bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní viral load, á sì wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Viral load yìí ni baba ìnáwó: owó tí mo san lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ju ti oògùn oṣù mélòó kan lọ. Ẹ bèèrè iye ẹ̀ ní láàbù méjì mẹ́ta kí ẹ tó ká apá aṣọ sókè. Èsì ẹ̀ wà lára ohun tó ń sọ bóyá ẹ nílò oògùn rárá. Àwọn kan wà tí dókítà kàn ń ṣọ́.

Tenofovir 300 mg ni tèmi, ẹyọ kan lójúmọ́. Entecavir náà wà, pàápàá fún ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu. Wọn kì í sábà lé B lọ tán, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ rì ni kó má ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tó ní oríṣi C ló rí ṣe: sofosbuvir àti daclatasvir fún ọ̀sẹ̀ 12, ó sì sábà máa ń lọ pátápátá. Fún àwa oní-B, owó oṣooṣù ni kí ẹ ṣètò. Bí ẹ bá dá oògùn dúró lójijì, kòkòrò náà lè ru padà kó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ gan-an. Èmi kì í jẹ́ kí ike kan tán kí n tó ra òmíràn.

Wọ́n á yẹ HIV wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Tenofovir wà lára oògùn HIV, òun nìkan kò sì tó fún ẹni tó ní méjèèjì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rí ike mi lórí fíríìjì, ó fi fóònù wá orúkọ ẹ̀, nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé ti ń dákẹ́ bí mo bá wọlé. Mo tẹ́ ìwé èsì mi sílẹ̀ fún wọn, mo sì ní kí àwọn náà lọ ṣàyẹ̀wò. Àwọn tí kò ní in gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Aláàgbo tó bá ní òun á fọ̀ ọ́ jáde, ẹ bi í bóyá òun ló máa san owó viral load tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Mo bi ọ̀kan. Ó ní kí n kọ́kọ́ sanwó àgbo ná.