Oṣù Keje 2023 nínú ilé búrẹ́dì wa n'Ílọrin

Bí mo ṣe jókòó tí mò ń yẹ ọdún 2023 wò, oṣù Keje ni ọkàn mi ń lọ sí ṣáá. Kò sí oṣù tí ìròyìn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ti oṣù yẹn kò dúró sórí rédíò. Ó wọ ilé búrẹ́dì wa ní Gáà Àkánbí.

Ti Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ dé. Ní ọjọ́ 17, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́ nínú àdéhùn tí Túrkì àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá wọn dá sí ní 2022, èyí tó jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi máa kó ọkà jáde láti Odesa àti èbúté méjì mìíràn ní Ukraine. Ọkà tó gba ibẹ̀ jáde lé ní mílíọ̀nù 32 tọ́ọ̀nù. Ẹ sì mọ̀ pé òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tá a fi ń ṣe fúláwà ti ń wá. Mi ò ní purọ́ mọ́ Rọ́ṣíà pé òun nìkan ló sọ fúláwà di ọ̀wọ́n o. Láti oṣù Kẹfà tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ni nǹkan ti ń le.

Ọjọ́ kejì rẹ̀, bẹntiróòlù di náírà 617 n'Ábújá, tiwa náà ò sì jìnnà sí i. Tí kò bá sí iná, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ tó ń po fúláwà. A dín búrẹ́dì kù, a ò fi kún owó. Àwọn tó ń rà á lọ tà pẹ̀lú ẹ̀wà ní Ìpàta rí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́. Síbẹ̀ mo gbà pé ohun tó yẹ la ṣe, nítorí owó tí ọmọ iléèwé ń mú wá láràárọ̀ kò pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ti Nìjẹ̀r ló dùn mí jù. Ní ọjọ́ 26, àwọn ṣọ́jà tó yẹ kó máa ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ló tì í mọ́lé ní Niamey, ọ̀gá wọn, Abdourahamane Tchiani, sì gba ìjọba. Ní ọjọ́ 30, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣèpàdé n'Ábújá, Ààrẹ Tinubu ni alága wọn. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fún àwọn ológun náà láti dá Bazoum padà sípò, wọ́n ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn lè lo agbára. Ọmọkùnrin kan tó ń bá wa gbé àpò fúláwà dúró tì mí nígbà tí rédíò ń sọ ọ́. Dosso ní Nìjẹ̀r ni ìyá rẹ̀ wà. Ó ní, "Àlájà, ṣé ẹ fẹ́ wá bá wa jà ni?" Mi ò rí èsì fún un. N'Ílọrin yìí, Gàmbàrí, Fúlàní àti Yorùbá ti fẹ́ra, wọ́n ti bímọ fúnra wọn. Ta ni a óò wá pè ní ọ̀tá? Mi ò fara mọ́ kí ṣọ́jà gbàjọba, ìbò ni wọ́n fi yan Bazoum. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ kò gbà fún ogun ní oṣù Kẹjọ, tí àwọn ààfáà sì lọ bá Tchiani sọ̀rọ̀ ní Niamey, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Oṣù náà ní ayọ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 27, Super Falcons na Ọsirélíà 3-2 ní Brisbane, Asisat Oshoala ló gbá ẹ̀kẹta wọlé. Gbogbo wa la pariwo.

Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, Bazoum ṣì wà ní àhámọ́, bodè àwa àti Nìjẹ̀r ṣì wà ní títì, ọmọkùnrin yẹn kò sì tíì lè lọ wo ìyá rẹ̀. Mo sọ fún un nígbà náà pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, èmi ni n óò san owó mọ́tò rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀.