Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ LilyPond kí orin Ìkórè tó wọ ojú ìwé mẹ́rin

Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ọ̀gá akọrin wa gbé orin tuntun kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Ohùn mẹ́rin ni, dùùrù lábẹ́ wọn, ẹsẹ mẹ́ta, Yorùbá látòkè délẹ̀. Bíírò ni wọ́n fi kọ ọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ṣàṣìṣe, wọ́n fa igi lé e, wọ́n tún un kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ojú ìwé mẹ́rin ni o. A3 kan la fẹ́ ká sí méjì. Bó bá lé, owó fọ́tòkópì ò ní tó." Mo ní, "Kò séwu, sà." Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń lo LilyPond nígbà náà, mo sì ti ń rò pé mo gbọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bá a pàdé, LilyPond kì í ṣe irú sọ́fítíwià tí èèyàn ń fi màúùsì gbé nótì sórí ìlà. Ṣe ni ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń kọ lẹ́tà: ẹ kọ `c'4 d' e'`, òun á ya crotchet mẹ́ta, ìyẹn nótì oníbíìtì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Netherlands méjì, Han-Wen Nienhuys àti Jan Nieuwenhuizen, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1996, torí pé ìwé orin tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ kò dùn-ún wò lójú wọn tó èyí tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà fi ọwọ́ gbẹ́ sára irin. Ọ̀fẹ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí ìlà á ti gé, àlàfo tó yẹ kó wà láàárín nótì sí nótì, àti ohun tí ojú ìwé kan á gbà. Ibẹ̀ ló ti dùn, ibẹ̀ náà ló ti ń kan, torí bí ìpinnu rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kò síbi tí ẹ máa fi màúùsì dì mú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ní kó ya orin náà, ojú ìwé kìíní dára. Ní ojú ìwé kejì, ìlà kan bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ tirẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, ó gba etí bébà kọjá. Báà mọ́kànlá (ìpín orin láàárín igi kan sí èkejì ni báà) ló so mọ́ra lórí ìlà kan ṣoṣo, èyí tó pọ̀ nínú wọn ò sì sí lórí ìwé mọ́. Mo ní bébà ló kéré. Mo dín ààyè etí ìwé kù, kò gbọ́. Mo dín ìwọ̀n nótì kù láti 20 sí 16, kò gbọ́. Mo wá kọ `\break` sí òpin báà kẹtàdínlógún pé kó gé e níbẹ̀ tipátipá. Kò gé e. Ó bí mi nínú débi pé mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ jẹun.

Lálẹ́, nígbà tí iná dé, ni mo tó ka ohun tó ti ń kọ sísàlẹ̀ Frescobaldi látàárọ̀. (Frescobaldi ni mo fi ń kọ fáìlì, òun náà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń fi ojú ìwé hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ń tẹ̀.) Ó ní nǹkan mìíràn ti borí gígé tí mo pàṣẹ, ó sì ń bi mí bóyá kò yẹ kí n máa lo àmì àyẹ̀wò báà. Ìdáhùn mi ti wà níbẹ̀ látìgbà náà, mo kà á sí ariwo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Bíìtì mẹ́ta ló wà nínú báà kan. Ní báà kẹrìnlá, ohun tó yẹ kí tenor kọ ni `g4. f8 e4`. Èmi tẹ `g4 f8 e4`. Dọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, èyí tó ń fi ìdajì bíìtì kún nótì náà, ló já bọ́. Látibẹ̀ lọ, tenor ti fi quaver kan, ìyẹn ìdajì bíìtì, ṣáájú àwọn yòókù. Bí soprano, alto àti bass bá dé òpin báà, nótì tenor ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, ó sì ń dún kọjá lórí ìlà báà. LilyPond kì í sì í gé ìlà níbi tí nótì bá ṣì ń dún. Ó ń wá ibi tó máa gé, kò rí, ó sì ń fà á lọ títí ó fi kan báà tí tenor fi quaver bẹ̀rẹ̀, tí òpin nótì rẹ̀ fi bá ìlà báà mu. Ibẹ̀ ló tó gé e. Gbogbo bí mo ṣe ń fìyà jẹ bébà yẹn, kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nítorí náà, bí orin bá sá kúrò lórí ìwé lápá ọ̀tún, ẹ má fọwọ́ kan ìwọ̀n bébà. Ẹ lọ ka bíìtì. Àmì `|` ní òpin báà kọ̀ọ̀kan, nínú ohùn kọ̀ọ̀kan, ni ẹ̀rí tí ẹ máa gbé kalẹ̀ kí ẹjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ká ní mo fi sí tenor ni, ì bá ti sọ fún mi pé àyẹ̀wò báà kùnà ní 5/8, ì bá sì tọ́ka sí ìlà tó wà nínú fáìlì gan-an. Mo fi sí soprano, mo fi sí alto. Ó ti rẹ̀ mí nígbà tí mo dé tenor. Bí ẹ kò bá sì fi í sí ibì kankan, ẹ da fáìlì náà kọ, kí ẹ máa yọ ohùn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn tí ẹ yọ tí ìlà fi gé bó ṣe yẹ, òun ni olè. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni sí i: ẹ gé fáìlì sílẹ̀ títí yóò fi ku báà mẹ́ta tí àléébù náà ṣì ń hàn nínú wọn. Nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ ó ti rí i kí ẹ tó gé e tán.

Ọ̀rọ̀ orin ló kàn. Àwọn àpẹẹrẹ tí mo ń rí kà, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìṣòro tiwọn sì ni pé sílébù wọn máa ń gùn, á wá ti nótì jìnnà síra. Tiwa kò gùn. Kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan, ó parí. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni wàhálà tiwa wà. Àmì ohùn wà lórí, àmì wà nídìí. Bí ẹ bá to ẹsẹ mẹ́ta léra wọn, ìdí ẹsẹ kìíní á fẹ́ jókòó sórí orí ẹsẹ kejì.

Mo kó ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ sí ìdánrawò. Bàbá kan nínú àwọn bass gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e súnmọ́.

"Ọmọ mi, kí lo kọ síbí? Ọ̀wọ̀ ni àbí ọwọ́?"

"Ọ̀wọ̀ ni, sà."

"Kò jọ ọ́."

Lóòótọ́, kò jọ ọ́. Àmì tó yẹ kó wà lórí ọ̀ àkọ́kọ́ ti rìn lọ dúró sórí w, ti ìkejì sì lé téńté sókè láàárín ọ̀rọ̀ náà àti "fún". Mo lọ yẹ ohun tí mo tẹ̀ wò, ó pé pérépéré. Fọ́ǹtì ni. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ ni kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ kà, á wá ka àmì ohùn tẹ̀ lé e, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé àmì náà lé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ àti ọ̀ náà rí. Fọ́ǹtì tí wọn kò ro irú tiwa mọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é á kàn jù ú sí ibi tó bá rí. Mo gbé Charis SIL wọlé, ọ̀fẹ́ lòun náà, mo sì kọ èyí:

```
\layout {
  \context {
    \Lyrics
    \override LyricText.font-name = "Charis SIL"
    \override VerticalAxisGroup.nonstaff-nonstaff-spacing.padding = #0.7
    \override LyricSpace.minimum-distance = #1.0
  }
}
```

Ìlà àkọ́kọ́ nínú override mẹ́ta yẹn ló dá àmì ohùn padà sórí ọmọ rẹ̀. Ìkejì fi àlàfo sáàárín ẹsẹ sí ẹsẹ. Ìkẹta kò jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tiwa lẹ̀ mọ́ ara wọn, torí "fi" àti "ọ̀wọ̀" ti fẹ́ di "fiọ̀wọ̀" níbi tí nótì ti ń sáré. Ẹ má mú 0.7 yẹn bí òfin. Fọ́ǹtì tí ẹ bá lò ló máa sọ.

Ibi tí mo fi ọwọ́ ara mi se ara mi ni àmì *f* àti *p*, tó ń sọ ibi tí a ó ti gbé ohùn sókè àti ibi tí a ó ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Abẹ́ nótì ni LilyPond máa ń kó wọn sí, ọ̀rọ̀ orin sì wà lábẹ́ nótì. Mo rí *f* tó jókòó láàárín "Ọba" àti ìlà tó wà lókè rẹ̀, mo sì rántí pé `extra-offset` lè gbé nǹkan síbi tí mo bá fẹ́. Mo gbé e. Mo rí òmíràn, mo gbé e. Mẹ́tàlélógún ni mo gbé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń yà á, mo ń wò ó, mo ń tún nọ́ńbà rẹ̀ ṣe. Gbogbo ọ̀sán Sátidé lọ sí i.

Ohun tí mi ò mọ̀ nípa `extra-offset` ni pé ìgbà tí LilyPond bá ti ṣètò ojú ìwé tán pátápátá ló tó ń gbé nǹkan. Kò fi ààyè sílẹ̀ fún un, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo yí ìwọ̀n nótì padà sí 20, ọ̀rọ̀ wọ́ sísàlẹ̀, ìlà sún, *f* mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún sì fọ́n káàkiri bí adìẹ tí àṣá bà lé. Ọ̀kan wà lórí àkọlé. Orí `\dynamicUp` ni mo parí rẹ̀ sí: ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ohùn soprano. Òkè gan-an ló sì yẹ kó wà nínú orin akọrin. Ẹni tó ń kọ orin fún akọrin ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Mi ò sọ pé kí ẹ má lo `extra-offset` láéláé. Òun ni kí ẹ lò kẹ́yìn, nígbà tí kò sí ohun tó tún máa ṣípò padà.

Ó wá ku ojú ìwé. Ojú ìwé márùn-ún ló já sí, àmín nìkan ló sì dá wà ní ìkarùn-ún, ìlà kan, bébà funfun gbalasa lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi tún ti ń rìn lọ sí 16. Mo dá a dúró. Nínú `\paper`, mo kọ `annotate-spacing = ##t`, ọfà àti nọ́ńbà sì bo gbogbo ìwé: àlàfo báyìí láti ibí dé ibí. Mo wo ohun tó ń jẹ ààyè jù. Kì í ṣe nótì. Ohùn mẹ́rin ni mo kọ sórí staff mẹ́rin (staff ni ìlà márùn-ún tí nótì ń jókòó lé), mo sì kọ ẹsẹ mẹ́ta sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà ọ̀rọ̀ méjìlá! Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń kọ, ní àsìkò kan náà, àyàfi báà mẹ́fà tí tenor ti ń dá lé e.

Mo kó soprano àti alto sórí staff kan, tenor àti bass sórí ìkejì, ọ̀rọ̀ sáàárín, bó ṣe wà nínú ìwé orin ìyìn tó ní nótì. Báà mẹ́fà ti tenor yẹn nìkan ni mo fún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Mo kọ `indent = 0` kí ìlà àkọ́kọ́ má fi ààyè ṣòfò, mo kọ `tagline = ##f` kí ọ̀rọ̀ tí LilyPond ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé má bàa jáde, mo sì kọ `page-count = #4`. Ẹ kíyè sí i pé èyí tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe oògùn. Ká ní mo kọ ọ́ nígbà tí ìlà ọ̀rọ̀ méjìlá ṣì wà, ṣe ló máa fún orin náà pọ̀ bí ẹrù nínú bọ́ọ̀sì.

Ìdajì akọrin wa, tonic sol-fa ni wọ́n ń kà. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sábẹ́ nótì bí ẹni kọ ẹsẹ, ó sì sọ ìwé di méje. Ìwé tiwọn lọ́tọ̀ ni mo fún wọn láti inú fáìlì kan náà, pẹ̀lú `\tag`, tó ń jẹ́ kí n yan ohun tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan máa gbé jáde, kò sì sí ìjà.

Nǹkan kan tó kù kò sí nínú ìwọ̀n kankan. Nígbà tí ẹ bá ká A3 sí méjì, ẹni tó ń tẹ dùùrù máa ṣí ìwé ní òpin ojú ìwé kìíní, á tún ṣí i ní òpin ìkẹta. LilyPond gé ìkẹta síbi tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí dùùrù tí ẹsẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Mo wá ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ti sinmi, báà méjì ṣáájú ibẹ̀, mo kọ `\pageBreak` sí i. Ìwé ṣì jẹ́ mẹ́rin.

Bàbá bass gba tiwọn ní ìdánrawò tó kẹ́yìn. Wọ́n gbé e súnmọ́, wọ́n gbé e jìnnà. "Ọ̀wọ̀ ti di ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì tóbi tó fún ojú mi." Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí àga nínú ilé ìjọsìn, mo yọ `page-count` àti `\pageBreak` kúrò, mo sì yí nọ́ńbà kan padà:

```
#(set-global-staff-size 24)
```

Ojú ìwé mẹ́fà ni tiwọn já sí. Ọ̀rọ̀, *f*, àmì ohùn, gbogbo wọn sún fúnra wọn, kò sí èyí tó gun orí ẹlòmíràn, n kò sì fọwọ́ ti ẹyọ kan.