Kí Ni Ìyá Àgbà Ti Lò fún Un?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Àwa mélòó kan la máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Ọjẹ́ n'Íbàdàn, a ó wọn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún ibà, a ó fún wọn lóògùn láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀ ládùúgbò yín, ìbéèrè kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n bi.

Bí ẹ bá ní, "Ṣé ẹ ti fún un lágbo?", "Rárá o, nọ́ọ̀sì" lẹ máa gbọ́, kódà bí òórùn efinrin bá ń ti ẹnu ọmọ jáde. Ìyá ọmọ náà mọ̀ pé a ó pariwo mọ́ òun. Ẹ bi í báyìí: "Kí ni Ìyá Àgbà ti lò fún un kẹ́ ẹ tó gbé e wá?" Kíá ni ìgò á yọ nínú báàgì. Ìyá ọkọ ló ṣe é, kì í ṣe òun, nítorí náà ẹnu rẹ̀ á gbà á láti sọ.

Nítorí àgbo gìrì ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ìbéèrè yìí. Èyí tí àwọn àgbà kan ṣì ń ṣe, ìtọ̀ màlúù ni, pẹ̀lú ewé tábà, efinrin, aáyù àti àlùbọ́sà. Ó máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, oró tábà á tún kún un. Ọmọ á dákú lọ, àwọn ará ilé á rò pé gìrì náà ló ṣì ń bá a jà, wọ́n á tún bu òmíràn sí i lẹ́nu. Bí a bá mọ̀ pé ó ti mu ún, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ la ó sáré yẹ̀ wò. Bí a ò bá mọ̀, ibà la ó máa lé kiri. Ọmọ tí gìrì bá mú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Ọsibítù ló kàn.

Mi ò bá ewé jà o. Wọ́n ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí ò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ní ti ọmọdé, òṣùwọ̀n ló máa ń kù. Oògùn ibà tí à ń fún wọn gan-an, ara ewé kan ní Ṣáínà ló ti wá. Iṣẹ́ yẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Tu Youyou, onímọ̀ oògùn ará Ṣáínà, ní 2015. Àmọ́ wọ́n wọ̀n ọ́n: nínú artemether-lumefantrine tọmọdé, ìyẹn oògùn ibà náà, ọmọ kílò 5 sí 14 á lo hóró kan, kílò 15 sí 24 á lo méjì, láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 3. Ta ló mọ iye tó wà nínú ife àgbo kan? Ká má sì gbéra ga, oògùn eyín tó pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà ní 2008 sí 2009, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ.

Nítorí náà a ò pa ohun ilé tì: a ń fi òrí wọ́ ọmọ lára, a ń po sóyà mọ́ ògì. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, omi mímọ́ lítà 1, ṣíbí tíì ṣúgà 6 tí a rẹ́ lórí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, pẹ̀lú síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14. Ṣùgbọ́n ní ti oúnjẹ, kí ọmọ tó pé oṣù 6, ọmú nìkan. Oyin kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ kó tó pé ọdún kan. Ẹ sì yọ káńfọ̀ kúrò nínú aṣọ ọmọ tuntun: ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa ni G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ò tó lára wọn, káńfọ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n bíi ti ibà pọ́njú, oòrùn àárọ̀ ò tó, ẹ gbé e lọ sábẹ́ iná ọsibítù kíákíá.

Ẹ lọ máa kí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ. Ọ̀kan wà l'Ọ́jẹ́ tó máa ń ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ tún ti wá gba oníbàárà mi," ṣùgbọ́n òun náà ló ń darí ọmọ tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bó bá ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, sọ́dọ̀ wa.

Owó ọrẹ tẹ́ ẹ bá rí ńkọ́? Ẹ má fi gbogbo ẹ̀ ra oògùn. Bí a bá kọ̀wé fún ìyá kan pé kó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù tàbí ọsibítù UCH, á dúpẹ́, á sì gba ilé lọ. Kì í ṣe olórí kunkun. Owó takisí Micra ò sí, owó káàdì ò sí, àwọn ọmọ yòókù ń dúró dè é nílé. Ẹ fún un lówó ọkọ̀, kí ẹnì kan sì sìn ín lọ. Kẹ́ni náà má padà títí wọ́n á fi dá ọmọ dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, torí bó bá ti di ọ̀sán, àwọn ìyá tó ń tajà máa ń yọ́ kúrò lórí ìlà.